Ṣé a lè fi aṣọ ọjà Àkẹ̀sán bo apá bàálù àfọwọ́ṣe?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ń kan bàálù kékeré ẹlẹ́nìkan ní Ọ̀yọ́ níbí. Páìpù alumíníọ́mù ni férémù ẹ̀. Apá méjèèjì ti dúró, ìrù náà ti parí, aṣọ ló kù. Owó tí wọ́n ń pè fún aṣọ, gúlù àti ọ̀dà láti Amẹ́ríkà ti ń lọ bá iye tí mo ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Bẹ́ẹ̀, pọlísítà lásán ni wọ́n ń pe aṣọ yẹn, pọlísítà sì kún ọjà Àkẹ̀sán. Ta ló máa fi ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ hàn mí, tó bá kọjá pé òyìnbó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa?"

Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tọ́ka sí ló wà.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé aṣọ bàálù lágbára, aṣọ ọjà ò lágbára. Àwọn kan á ní òwú kan náà ni, orúkọ ni wọ́n ń tà. Lórí ọ̀rọ̀ òwú, àwọn ìkejì yìí ló sún mọ́ òótọ́. Pọlísítà ni pọlísítà, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941. Ohun tí wọn ò kà sí ni ohun tí iléeṣẹ́ ṣe fún aṣọ náà lẹ́yìn tó kúrò lórí òfì.

Aṣọ tí ìyá aláṣọ ń tà fún ọ ti rí ooru rí. Wọ́n ti fi ooru dì í kó má baà súnkì lọ́wọ́ ẹni tó bá fọ̀ ọ́ tó sì lọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ rán búbá, ìyẹn dùn mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ bo apá bàálù, ohun tó ń wá gan-an ni wọ́n ti mú kúrò níbẹ̀. Aṣọ bàálù kò tíì rí ooru yẹn. Bó ṣe kúrò lórí òfì ni wọ́n ṣe ká a. Ìwọ lo máa fi áyọ́ọ̀nù fún un ní ooru àkọ́kọ́, ìgbà yẹn ló máa súnkì tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, tó máa fà le lórí férémù.

Má gbà mí gbọ́ lásán. Ra ọ̀pá kan, gé e wálẹ̀, fi báírò fa ìlà 30 sẹ̀ǹtímítà lóòró, fa òmíràn níbùú. Fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa lọ̀ ọ́ láìwọ́n omi sí i, kí o tún àwọn ìlà náà wọ̀n. Tó bá ṣì jẹ́ 30 tàbí 29 àti díẹ̀, aṣọ yẹn ti parí iṣẹ́ ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Aṣọ bàálù á bọ́ sí nǹkan bíi 27. Kí o tó ṣe ìyẹn pàápàá, fa fọ́nrán òwú kan yọ nínú ẹ̀, ṣáná sí i. Tó bá yọ́, tó kó ara jọ di kókó líle dúdú, pọlísítà ni. Tó bá jó di eérú, tó ń rùn bíi bébà tó jó, kọ́tìnnì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní pọlísítà lọ́jà wa, àdàlù ni.

* * *

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀yin tí Ìṣẹ́yìn ò jìnnà sí yín, aṣọ òkè ńkọ́? Ó le, tiwa sì ni."

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Aṣọ bàálù tó fúyẹ́ jù tí wọ́n ń lò fún irú bàálù yìí jẹ́ áúńsì 1.7 ní yáàdì kan níbùú lóòró, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 58 ní mítà kan níbùú lóòró. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ áúńsì 2.7, bíi gíráàmù 92. Ká sọ pé apá méjèèjì, òkè àti ìsàlẹ̀, gba irú mítà bẹ́ẹ̀ 28. Èyí tó fúyẹ́ jù á fi kílò kan ààbọ̀ lé díẹ̀ kún bàálù, ìkejì á fi kílò méjì ààbọ̀ lé díẹ̀ kún un. Ẹni tó bá ti wọ agbádá aṣọ òkè jókòó níbi ìnáwó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè ro tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rán pọ̀ di aṣọ òkè, ojú rírán á pọ̀ ju àwọn egungun ìhà inú apá lọ.

Kílò kan kì í ṣe nǹkan kékeré níbí. Nínú òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Part 103, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, irú bàálù ẹlẹ́nìkan yìí kò gbọdọ̀ tó páùn 254, nǹkan bíi kílò 115, kí wọ́n tó da epo sí i. Òfin wa kọ́, àmọ́ òdiwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ nínú àwòrán tí ẹ ń rà.

Ti kọ́tìnnì lásán kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ṣá. Kọ́tìnnì ló wà lára bàálù àwọn ará Wright ní 1903, òun àti ọ̀gbọ̀ ni wọ́n sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ọ̀dà dope ló ń mú un súnkì. Ṣùgbọ́n kọ́tìnnì máa ń jẹrà nínú ọ̀rinrin, dope àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní nitrate sì máa ń gbiná wàì. Mi ò rí ìdí tí a fi máa padà síbẹ̀.

* * *

Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ dá sí i: "Èmi ò mọ bàálù o, aṣọ ni mo mọ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú mi gbóná ju ti iná lọ, kì í sì í dúró de NEPA. Kí ló burú tí wọ́n bá fi í lọ̀ ọ́?"

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ti máa ń jà nìyẹn. Òótọ́ ni pé áyọ́ọ̀nù yín gbóná. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: ó gbóná tó mélòó? Aṣọ yìí fẹ́ ooru tí a mọ iye ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé àwọn tó ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ fi nǹkan bíi 121°C lọ gbogbo ojú ẹ̀ yí ká, kí wọ́n tó máa gbé e lọ sókè díẹ̀díẹ̀, 177°C sì ni òpin. Tó bá kọjá 177, aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, kò sì ní súnkì padà mọ́. Tó bá tó nǹkan bíi 250, ó ti yọ́ nìyẹn. Ẹ fẹ́ èédú lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ ti kọjá ààlà. Ìkejì, gúlù iṣẹ́ yìí ní èéfín tó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó máa ń rìn nílẹ̀ títí á fi rí iná. Èmi ò ní jẹ́ kí ẹyin iná kankan wọ ilé tí wọ́n ti ń lẹ apá.

Áyọ́ọ̀nù oníná náà ní tiẹ̀. Àmì tí wọ́n kọ sára ẹ̀, síìkì, kọ́tìnnì, kò sọ iye kankan fún ọ. Nígbà tí iná bá wá lọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí gílóòbù ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, áyọ́ọ̀nù á máa lọ́ra láti gba ooru ẹ̀ padà, ojú kan náà tí o yí i sí kò ní fún ọ ní ohun tó fún ọ láàárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó dúró dáadáa sàn ju NEPA tó ń jó lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń ki ẹnu tẹmọ́mítà sáàárín ìdí áyọ́ọ̀nù àti aṣọ tí mo ṣẹ́ po, mo á jẹ́ kó dúró títí ooru á fi jókòó, mo á fi máákà sàmì sí ibi tí 121 wà lára ẹ̀, àti 150, àti 177. Ìbọn tí wọ́n nà sí wa níwájú orí nígbà kòrónà ò wúlò fún èyí, ooru ara èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí àwọn mẹkáníìkì ní lè kà jìnnà, àmọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù tó ń dán á parọ́ fún un, iye tó kéré ló máa kà.

Ti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, má dán an wò. Kò sẹ́ni tó lè sọ bí ooru ẹnu ẹ̀ ṣe pọ̀ tó lójú aṣọ.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn onímọ̀ ìwé ni 177 yẹn. Bàálù tí férémù ẹ̀ le lè gbà á. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tìrẹ, aṣọ tó súnkì dé òpin lè tẹ etí ẹ̀yìn apá wọnú láàárín egungun kan àti èkejì, ó sì lè lọ́ apá pàápàá. Bí ẹni tó ya àwòrán bá kọ iye kan, tẹ̀ lé e. Bí kò bá kọ ọ́, bẹ̀rẹ̀ ní 121, na okùn láti ìparí kan dé èkejì lára etí ẹ̀yìn, kí o máa wò ó bí o ṣe ń gun òkè. Ibi tí páìpù bá ti fẹ́ kúrò lára okùn, dúró. Lọ òkè díẹ̀, lọ ìsàlẹ̀ díẹ̀. Má lọ ẹ̀gbẹ́ kan parí kí o tó yí i.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń jáde láti Ọ̀yọ́, bóyá torí ìlú onílù ni: "Fi ìka ta aṣọ náà. Tó bá dún bíi gángan, ó ti dáa."

Rárá o. Ìró ò sọ nǹkan kan nípa agbára aṣọ. Aṣọ tí oòrùn ti jẹ tán lè dún dáadáa títí di ọjọ́ tó máa ya. Pẹ̀lú ìyẹn, ojú aṣọ tó kéré láàárín egungun méjì á dún tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó fẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ bákan náà ni wọ́n ṣe le. Áyọ́ọ̀nù tí o mọ ooru ẹ̀ ló ń sọ bí aṣọ ṣe le tó.

* * *

"Gúlù tí àwọn aránbàtà ń lò ní Tákíẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́, di àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mú, ṣé aṣọ ni kò ní lè dì mú?"

Á dì í mú lónìí. Ooru ni ọ̀tá ẹ̀. Fi bàtà tí wọ́n lẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan, kí o wá wo etí ẹ̀. Gúlù yẹn lo fẹ́ kí áyọ́ọ̀nù 121 kọjá lórí ẹ̀, tí aṣọ sì ń súnkì, tó ń fà á lọ sáàárín! Á rọ̀, aṣọ á sì rìn kúrò níbi tí o lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Gúlù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, irú Poly-Tak, ní kẹ́míkà olómi kan tí wọ́n ń pè ní MEK nínú. MEK á yọ́ ọ̀dà tàbí fáníìṣì lásán tó bá wà lára férémù, gúlù rẹ á wá máa lẹ̀ mọ́ ohun tó ti dẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń kun epoxy, èyí tí wọ́n ń po inú agolo méjì pọ̀, sí ibikíbi tí gúlù máa kàn. Jẹ́ kí etí aṣọ gun orí páìpù tó ínǹṣì kan, ó kéré tán. Ṣí fèrèsé méjèèjì. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá èéfín yẹn dúró, èyí tó ní àlẹ̀mọ́ kẹ́míkà lẹ́nu ni kí o rà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Àwọn ọ̀gá kan máa ń pe ìyẹn ní àṣejù. Ọwọ́ wọn tó ti bó ló ń dá wọn lóhùn.

Gúlù ṣì kọ́ ló máa gbé ọ dúró lókè. Nígbà tí bàálù bá ń fò, afẹ́fẹ́ ń fa aṣọ orí apá sókè, ó fẹ́ ṣí i kúrò lára egungun ìhà. Ohun tó ń dá a dúró ni òwú tí wọ́n fi gán aṣọ tó wà lójú òkè apá àti ti ìsàlẹ̀ mọ́ egungun kọ̀ọ̀kan. Èèyàn méjì ló máa ń ṣe é dáadáa: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ gígùn ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn. Òwú pọlísítà tó ní ìda lára ni, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ téèpù tó le sórí egungun kí òwú má baà gé aṣọ. Wọ́n ń ta kókó ní ibi kọ̀ọ̀kan, kó fi jẹ́ pé tí ojú kan bá já, ìyókù ò ní tú tẹ̀ lé e. Bí àlàfo láàárín kókó ṣe máa rí, ọwọ́ eré bàálù ló wà, ibi tí atẹ́gùn fáànù ẹ́ńjìnnì sì ń fẹ́ lù, kókó gbọ́dọ̀ súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé AC 43.13-1B ti FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ya gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ló sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí egungun alumíníọ́mù, àwọn kan ń lo rífẹ́ẹ̀tì dípò òwú, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́.

"Mo rí àwọn tí kò gán rárá, gúlù nìkan." Bó bá wà nínú àwòrán wọn, ẹni tó yà á ti ṣírò ẹ̀. Ìwọ ò tíì ṣírò tìrẹ.

Ìyá wa aránṣọ, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀ o. Ẹ lè fi ẹ̀rọ rán aṣọ bàálù di àpò gígùn tí wọ́n á fi wọ apá láti ìparí ẹ̀. Kí ẹ ká etí méjèèjì mọ́ra wọn, kí ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì, òwú pọlísítà nìkan. Kókó ti inú apá ò lè ṣòro fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gán nǹkan.

* * *

Ẹnì kan tún gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn: "Àwọn ológun òfuurufú wa ṣe Air Beetle ní Kàdúná, aṣọ ò sí lára ẹ̀. Kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí?"

Air Beetle, ara bàálù RV-6A àwọn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un, páànù alumíníọ́mù tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì kàn ni. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbé ìyẹn, apá tìrẹ á já kó tó tan iná tán. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Níwọ̀n ìgbà tí ìjọba ti wọ̀ ọ́: kọ̀wé sí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, kí o tó fi aṣọ bò ó, má dúró dìgbà tó bá parí. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹni tó ń yẹ bàálù wò máa ń fẹ́ rí férémù níhòhò. Tí aṣọ bá ti bò ó, wọ́n lè ní kí o ya á. Ya fọ́tò gbogbo oríkèé, gbogbo bóòtù, gbogbo wáyà.

* * *

Oníbèérè padà wá: "Mo ti fa ìlà yẹn o. 30 di 29.8. Ẹ ti borí mi lórí aṣọ. Ṣùgbọ́n owó yẹn ṣì wà níbẹ̀."

Aṣọ kọ́ ló ń jẹ owó yẹn jù. Wo ìwé iye owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ dáadáa: ọ̀dà, gúlù, àti owó ọkọ̀ kẹ́míkà tó lè gbiná. Aṣọ gbígbẹ lè bá bàálù wá láìsí wàhálà. Kẹ́míkà yẹn ló máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, ra aṣọ àti gúlù tó dájú, kí o wá ibi dín owó kù sí lórí ọ̀dà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan gbà pé tí o bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà iléeṣẹ́ kan, o gbọ́dọ̀ fi tiwọn parí ẹ̀. Wọn ò parọ́, ó sì nídìí: ọ̀dà wọn á yọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí o bá fẹ́ lẹ ibi tó ya. Ṣùgbọ́n fún bàálù tó ń rọra fò bíi tìrẹ, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ń lo ọ̀dà ilé olómi, acrylic ti ìta, ó sì ń dúró. Ìnira ẹ̀ ni pé nígbà tí o bá fẹ́ lẹ nǹkan, wàá ní láti ha á kúrò títí dé ara aṣọ. Wàá fi omi là á díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ kó lè wọ inú òwú, kó má kàn jókòó sórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, dúdú. Dúdú yẹn ló ń dí oòrùn, bí ọ̀dà fàdákà alumíníọ́mù ṣe ń dí i nínú ti àwọn iléeṣẹ́ bàálù. Àwọ̀ tó wù ẹ́ lo máa fi bò ó.

Oòrùn ni kí o bẹ̀rù ju òjò lọ. Pọlísítà tí kò ní ìbòrí ò ní pẹ́ nínú oòrùn ilẹ̀ wa kó tó gbó, ojú ò sì ní tètè mọ̀ ọ́n. Lálẹ́, ti tọ́ọ̀ṣì sínú apá kí o dúró síta. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ sí ọ, ọ̀dà ò tíì tó níbẹ̀.

Má sì tìtorí ìyẹn kùn ún ní àkùnjù. Rọ́dà, ìyẹn ojú ìrù tó ń yí bàálù sí ọ̀tún tàbí òsì, àti àwọn ojú mìíràn tó ń mì, ọ̀dà tó bá wúwo lẹ́yìn ìdè wọn lè mú kí wọ́n máa gbọ̀n lójú eré, gbígbọ̀n yẹn sì lè já wọn sọnù.

Ní ti àkókò: ọ̀dà oní kẹ́míkà á funfun fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí o bá kùn ún ní oṣù keje tàbí ìkẹsàn-án ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí bó ṣe ń gbẹ ló ń tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì gúnlẹ̀ sí i. Ọyẹ́ ní tiẹ̀ á da eruku sí i. Ìgbà tí òjò bá ti lọ tí ọyẹ́ ò tíì dé ni mo fẹ́ràn, tàbí, bí ọyẹ́ bá ti dé, kí o wọ́n omi sílẹ̀ ilé iṣẹ́ kí o tó ṣí agolo kí eruku lè rọlẹ̀.

Rọ́dà ni kí o kọ́kọ́ bò. Ó kéré, bí o bá bà á jẹ́, aṣọ díẹ̀ lo máa ya dànù. Apá ló máa kẹ́yìn.

* * *

"Ó ku ìkan: ihò tí omi á máa gbà jáde. Ibo ló máa wà?"

Ibi tó bá lọ sílẹ̀ jù nígbà tí bàálù bá dúró nílẹ̀ ni kí o wò, kì í ṣe nígbà tó bá ń fò. Èyí tí táyà kékeré ẹ̀ wà nídìí, abẹ́ apá níbi etí ẹ̀yìn ni, láàárín egungun kọ̀ọ̀kan, nítorí egungun máa ń sé omi mọ́. Lẹ òrùka ike kékeré mọ́ ibẹ̀ kí o tó parí ọ̀dà. Tí ohun gbogbo bá ti gbẹ tí èéfín sì ti tán pátápátá, fi ẹnu irin tí àwọn onírédíò fi ń jó wáyà dá ihò náà, kí etí ẹ̀ lè yọ́ dì. Má fi ọ̀bẹ gé e, torí ojú ọ̀bẹ ni yíya ti máa ń bẹ̀rẹ̀.